Ẹ̀kọ́ Lórí Bíréèkì Ọkọ̀: Ohun Tí Igbe Rẹ̀ Ń Wí, àti Bí A Ti Ń Yan Páàdì àti Dísìkì Tuntun

Ìwọ̀nba abúlé díẹ̀ ni ó kù ní ilẹ̀ Yorùbá tí ọkọ̀ kì í dé. Ọkọ̀ ni ó ń gbé kòkó àti ẹ̀gẹ́ lọ sí ọjà, òun ni ó ń gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn, òun náà ni ó sì ń gbé àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ tí ó ń gbé wọn bọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn ará ilé a máa mọ̀ pé ọkọ̀ lágbájá ti dé kí wọ́n tó fi ojú rí i, nítorí pé bíréèkì rẹ̀ a máa han gooro bí ó bá ti ń sún mọ́ ibùdókọ̀. Àwọn ọmọdé a fi í ṣe ẹ̀rín, àwọn àgbà a sì di etí. Ṣùgbọ́n igbe náà kì í ṣe ọ̀ràn ẹ̀rín. Iṣẹ́ ni bíréèkì ń jẹ́ fún awakọ̀, iṣẹ́ tí a bá sì kọ etí ikún sí lónìí lè di ẹkún lọ́la.

Ẹ̀kọ́ yìí wà fún ẹni tí ó ni ọkọ̀ àti ẹni tí ó ń wà á, fún ọ̀dọ́ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, àti fún èrò tí ó ń san owó ọkọ̀. Kókó rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: kí a má ṣe pa bíréèkì lẹ́nu mọ́ kí a tó mọ ohun tí ó ń wí, bí a bá sì ti mọ̀ ọ́n, kí a fi ohun tí ó yẹ ọkọ̀ náà gan-an tún un ṣe.

BÍ BÍRÉÈKÌ TI Ń ṢIṢẸ́

Ní ẹsẹ̀ iwájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ kékeré òde òní, irin róbótó kan wà tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, tí ó sì ń bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí. Èyí ni dísìkì. Páàdì méjì ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ní ojú òde, èkejì ní ojú inú. Irin tí ó gbá àwọn páàdì náà mú ni à ń pè ní kálípà. Nígbà tí awakọ̀ bá fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, òróró bíréèkì tí ó wà nínú ọ̀pá tín-ín-rín a ti písítìnì inú kálípà, písítìnì a sì ti páàdì, páàdì méjèèjì a wá fún dísìkì mọ́ àárín, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti í fi ìka méjì fún etí àwo. Ìfúnmọ́ra yìí ni ó ń dá ọkọ̀ dúró.

Ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ púpọ̀, irú bí Nissan Micra tí a fi ń ṣe takisí ní Ìbàdàn, dúróòmù ni a sábà máa ń bá dípò dísìkì. Dúróòmù dà bí ìkòkò irin, ṣúù méjì ni ó sì wà nínú rẹ̀ tí ń tẹ̀ ẹ́ láti inú wá sí òde. Dísìkì ni ẹ̀kọ́ yìí dá lé jù lọ, nítorí pé bíréèkì iwájú ni ó ń ru èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdádúró, òun ni ó sì tètè ń jẹ.

Ó yẹ kí a mọ̀ pẹ̀lú pé agbára eré ọkọ̀ kì í ṣègbé; ooru ni ó ń dà lára bíréèkì. Bí eré ọkọ̀ bá gòkè láti kìlómítà 40 sí kìlómítà 80 ní wákàtí kan, ooru tí bíréèkì yóò gbà kí ọkọ̀ náà tó dúró kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ìdí nìyí tí páàdì tí ó dàbí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní inú ìlú fi lè já ènìyàn kulẹ̀ lójú ọ̀nà jíjìn.

ÌDÍ TÍ BÍRÉÈKÌ FI Ń HAN

Ẹni tí ó bá ti rí onígòjé lẹ́nu iṣẹ́ yóò ti rí bí ọrun rẹ̀ ti ń ṣe lára okùn. Ọrun a di okùn mú díẹ̀, a jọ̀wọ́ rẹ̀, a tún dì í mú, kíákíá ju bí ojú ti lè rí i lọ. Ìgbọ̀nrìrì okùn yìí ni etí ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni páàdì ń ṣe lára dísìkì. Nígbà tí ìgbọ̀nrìrì wọn bá ju 1,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, igbe tín-ín-rín ni a ó máa gbọ́.

Àìsàn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Frederick Lanchester, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lórí bíréèkì onídísìkì ní ọdún 1902, bàbà ni ó fi ṣe páàdì rẹ̀, igbe rẹ̀ sì ń da etí láàmú. Lẹ́yìn náà ni Herbert Frood, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, fi asibẹ́sítọ́ọ̀sì ṣe ojú páàdì, igbe sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn oníṣègùn rí i pé eruku asibẹ́sítọ́ọ̀sì a máa fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi òfin dè é pátápátá ní ọdún 1999. Ìtàn yìí fi hàn pé kí ariwo dákẹ́ kò túmọ̀ sí pé ewu ti kúrò.

ORÍṢÌÍ ARIWO ÀTI ÌTUMỌ̀ WỌN

1. Igbe òwúrọ̀. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ìpẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a bo ojú dísìkì. Bí a bá tẹ bíréèkì ní ìgbà mélòó kan, páàdì a fá a kúrò, igbe a sì dákẹ́. Kò sí ewu nínú èyí.

2. Igbe tín-ín-rín tí kì í lọ. Lára ọ̀pọ̀ páàdì, ahọ́n irin kékeré kan wà tí àwọn tí ó ṣe é fi síbẹ̀ fún ìkìlọ̀. Nígbà tí páàdì bá jẹ títí tí ó fi ku nǹkan bíi mílímítà 2 tàbí 3, ahọ́n náà a máa ha dísìkì. Nígbà mìíràn a lè gbọ́ ọ bí a kò tilẹ̀ tẹ bíréèkì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àkókò àtira páàdì tuntun ti tó.

3. Igbe páàdì tí kò tíì jẹ. Ó lè jẹ́ pé ooru àpọ̀jù ti mú kí ojú páàdì dán bíi dígí. Ó lè jẹ́ pé iyanrìn há sí i. Ó lè jẹ́ pé pẹlẹbẹ irin tí ń wà lẹ́yìn páàdì ti sọnù. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀pá tí kálípà ń yọ̀ lórí rẹ̀ ti gbẹ. Páàdì tí kò dára láti ilẹ̀ a máa ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

4. Ariwo bí ẹni ń lọ òkúta. Ojú páàdì ti tán, irin ń ha irin. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé èrò kankan mọ́ títí a ó fi tún un ṣe.

5. Kí ẹsẹ̀ bíréèkì máa gbọ̀n, tàbí kí ọkọ̀ máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ó bá ń gbọ̀n, ó ṣeé ṣe kí nínípọn dísìkì má dọ́gba mọ́ yí ká. Bí ó bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ṣeé ṣe kí kálípà kan ti há, tàbí kí òróró ti kan páàdì ẹ̀gbẹ́ kan.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A ṢE

Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé bí bíréèkì bá ti ń han, òróró tàbí gíríìsì ni wọn yóò kán sí ojú páàdì. Lóòótọ́ ni igbe yóò dákẹ́, ṣùgbọ́n agbára bíréèkì náà yóò bá a lọ, nítorí pé ohun tí ó ń yọ̀ kò lè di ohun tí ń yí mú. Páàdì tí òróró bá ti wọ̀ lára kò ṣeé fọ̀. Sísọ nù ni. Àwọn mìíràn a gé ahọ́n ìkìlọ̀ kúrò, wọn a sì fi ọkọ̀ lé awakọ̀ lọ́wọ́ pé ó ti dára. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ dàbí ẹni tí ó pa ajá tí ń gbó olè. Àwọn mìíràn a da omi tútù sí dísìkì tí ó gbóná janjan, èyí tí ó lè mú kí ó sán tàbí kí ó wọ́. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ a fi sáńpépà ha ojú páàdì, wọn a sì dá a padà láìwo ohun tí ó mú kí ó dán. Kò ní pẹ́ tí igbe yóò fi padà.

Àwọn àgbà wí pé a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ariwo ni làpálàpá. Ohun tí ó fà á ni ètè.

BÍ A TI Ń TÚN UN ṢE

Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ dá a ṣe, ṣùgbọ́n ó dára kí olúkúlùkù mọ ìlànà rẹ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣe é bí ó ti yẹ.

Orí ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ọkọ̀ wà, kí a fa bíréèkì ọwọ́, kí a sì fi igi tàbí òkúta dí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Kí a dẹ àwọn nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ kí a tó fi jáàkì gbé ọkọ̀. Lẹ́yìn náà kí a fi irin agbọ́kọ̀dúró tì í. A kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan, a kò sì gbọdọ̀ lo búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì, nítorí pé ó lè fọ́ lójijì.

Bí a bá ti yọ táyà, kí a má ṣe fi ẹnu tàbí fáńpù fẹ́ eruku bíréèkì. A kò lè fi ojú lásán mọ páàdì tí ó ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, eruku páàdì yòówù kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Aṣọ tí a fi omi rẹ ni kí a fi nù ún, kí a sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí a tó jẹun.

Kí a fi rúlà wọn ojú páàdì, láìka irin ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ páàdì tuntun a máa nípọn tó mílímítà 10 sí 12. Bí ó bá ti ku 3, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Kí a fi páàdì inú wé ti òde. Bí ọ̀kan bá jẹ ju èkejì lọ púpọ̀, páàdì nìkan kọ́ ni ó ní àrùn: ọ̀pá kálípà ti há, tàbí písítìnì kò padà sẹ́yìn mọ́. Kí a nu ọ̀pá náà mọ́, kí a sì fi gíríìsì bíréèkì tí ooru kì í yọ́ pa á lára. Gíríìsì bẹ́arìn kọ́ ni ó yẹ ibẹ̀. A lè fi gíríìsì bíréèkì díẹ̀ kan ẹ̀yìn páàdì àti etí rẹ̀ méjèèjì tí ń yọ̀ nínú ihò, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kan ojú páàdì tàbí ojú dísìkì rárá.

Nígbà tí kálípà bá wà ní títú, kí a fi wáyà so ó rọ̀. Kí a má ṣe jẹ́ kí ó máa fi ọ̀pá rọ́bà rẹ̀ rọ̀, kí ọ̀pá náà má baà ya nínú. Kí a rọra ti písítìnì padà, kí a sì máa wo agolo òróró bíréèkì kí ó má baà kún dà sílẹ̀. Bí a bá ti tò ó tán, kí a máa fún nọ́ọ̀tì ní ìdojúkọ ara wọn, kì í ṣe ní títò yí po. Lẹ́yìn èyí, kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, kí awakọ̀ tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le. Bí ó bá gbàgbé èyí, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò bá òfo nígbà àkọ́kọ́ tí ó bá fẹ́ dúró.

YÍYAN PÁÀDÌ

Oríṣìí páàdì mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí a fi àwọn fọ́nrán tí kì í ṣe irin àti oje tí ń lẹ nǹkan pọ̀ ṣe. Ó rọ̀, kì í pariwo púpọ̀, ṣùgbọ́n ó tètè ń jẹ. Èkejì ni èyí tí irin pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ń gba ooru dáadáa, ó sì dára fún ọkọ̀ tí ń ru ẹrù, ṣùgbọ́n ó lè pariwo, ó sì ń jẹ dísìkì. Ẹ̀kẹta ni seramíìkì. Ó dákẹ́, eruku rẹ̀ kò pọ̀, ó ń pẹ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀. Kì í ṣe èyí tí ó wọ́n jù ni ó dára jù fún ọkọ̀ gbogbo. Irú èyí tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà fi sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí a wá.

Kí olùrà mú páàdì àtijọ́ dání lọ sí ọjà, kí ó sì mọ orúkọ ọkọ̀ rẹ̀, ọdún tí a ṣe é, àti ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kí ó wo ẹ̀yìn tàbí etí páàdì náà. Lára ọ̀pọ̀ páàdì ni a ti í rí lẹ́tà méjì bíi EE, FF tàbí GG. Lẹ́tà kìn-ín-ní ń sọ bí páàdì ti ń di dísìkì mú nígbà tí ooru rẹ̀ mọ níwọ̀n, èkejì ń sọ bí ó ti ń ṣe nígbà tí ó bá gbóná gidigidi. G lágbára ju F lọ, F sì lágbára ju E lọ. Páàdì FE, fún àpẹẹrẹ, a máa pàdánù nínú agbára rẹ̀ bí ó bá gbóná. Lára páàdì tí a ṣe fún ọjà ilẹ̀ Yúróòpù, a lè rí lẹ́tà E nínú òbíríkítí àti àmì R90. Òfin R90 béèrè pé kí iṣẹ́ páàdì náà má ṣe fi ju ìdá 15 nínú 100 yàtọ̀ sí ti páàdì tí ó bá ọkọ̀ wá.

Ṣùgbọ́n àmì nìkan kò tó, nítorí pé ayédèrú a máa kọ àmì pẹ̀lú. Ní àwọn ọjà ńlá bí Ládípọ̀ ní Èkó àti Àràrọ̀mí ní Gate, Ìbàdàn, ojúlówó àti ayédèrú lè wà lórí àtẹ kan náà. Kí olùrà wo páálí rẹ̀ bóyá a ṣi orúkọ kọ. Kí ó wo páàdì fúnra rẹ̀ bóyá ó sán, bóyá etí rẹ̀ ń rún, tàbí bóyá ojú rẹ̀ ti ń ṣí kúrò lára irin ẹ̀yìn. Bí iye owó rẹ̀ bá kéré jọjọ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó fura. Kí ó gba ìwé ẹ̀rí owó, kí ó lè rí ẹni mú bí ọ̀ràn bá dé. Àjọ SON, tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1971, ni ó ń mójú tó ìwọ̀n dídára ọjà ní Nàìjíríà. Ní ti páàdì tókunbọ̀, kò sí ẹni tí ó lè sọ irú ooru tàbí òróró tí ó ti kàn án. Ó sàn kí a fi í sílẹ̀.

Páàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹsẹ̀ iwájú ni a ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá fi tuntun sí ọ̀tún tí a fi àlòkù sí òsì, ọkọ̀ yóò máa fà sí apá kan.

YÍYAN DÍSÌKÌ

Lára dísìkì fúnra rẹ̀ ni a máa ń kọ ìwọ̀n tí nínípọn rẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. MIN TH ni a sábà máa ń kọ síwájú iye náà. Bí a bá kọ MIN TH 20 sí i, tí a wọ̀n ọ́n tí ó jẹ́ mílímítà 19, dísìkì náà ti kú, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó. Kì í ṣe etí rẹ̀ ni a ń wọ̀n, nítorí pé páàdì kì í kan etí. Ojú ọ̀nà tí páàdì ń gbà ni.

Dísìkì tí ó sán, tí ojú rẹ̀ ní àbàwọ́n aláwọ̀ búlúù nítorí ooru, tàbí tí ó ní ilà jíjìn tí èékánná ń há sí, kò yẹ kí a fi páàdì tuntun sí i láìtún un ṣe. Oníṣẹ́ ìyírin lè bá ni fá ojú rẹ̀ kí ó dọ́gba, ṣùgbọ́n fífá a máa sọ ọ́ di tín-ín-rín. Bí ó bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ MIN TH lẹ́yìn fífá, owó náà ti ṣòfò. Èyí tí ó bá sì ti sán, a kì í fá a, pípààrọ̀ ni.

Bí a bá ń ra tuntun, méjì ni kí a rà, ọ̀tún àti òsì. Bí ti àtijọ́ bá ní ihò afẹ́fẹ́ láàárín, irú rẹ̀ náà ni kí a rà. Dísìkì tí a lu ihò sí lójú fún ẹwà kò pọn dandan fún ọkọ̀ èrò. Òróró tí kì í jẹ́ kí dísìkì tuntun dípẹtà wà lára rẹ̀. Kí a fi oògùn ìfọbíréèkì tàbí omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí a sì nù ún gbẹ. Kí a ha ìpẹtà kúrò ní ibi tí dísìkì ń jókòó lé, nítorí pé èérún kékeré níbẹ̀ yóò mú kí dísìkì tuntun máa mì, kò sì ní pẹ́ tí ẹsẹ̀ bíréèkì yóò fi máa gbọ̀n.

BÍ A TI Ń MÚ TUNTUN MỌ́RA

Páàdì àti dísìkì tuntun kò tíì mọ ara wọn. Ní ojú ọ̀nà tí ó dá, kí awakọ̀ sáré dé nǹkan bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan, kí ó rọra tẹ bíréèkì títí eré yóò fi kù sí bíi 10, kí ó má sì dúró pátápátá. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́wàá, kí ó máa jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ bíréèkì láàárín wọn. Lẹ́yìn náà kí ó wa ọkọ̀ lọ díẹ̀ láìtẹ bíréèkì kí ó tó gúnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ bíréèkì tuntun tí ń han, àìṣe èyí ni ó fà á.

OJÚṢE AWAKỌ̀ ÀTI ÈRÒ

Páàdì rere kò lè ṣiṣẹ́ bí òróró bíréèkì bá ti bàjẹ́. Òróró DOT 4 tuntun kì í hó àyàfi bí ooru rẹ̀ bá dé 230°C, ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè hó ní nǹkan bíi 155°C, ẹsẹ̀ bíréèkì yóò sì bá òfo. Nítorí náà, kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì, kí a má sì ṣe bu òróró ẹ́ńjìnnì sí i láéláé. Ẹni tí ó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní òkè gíga, irú èyí tí ó wà láàárín Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Ìwárájà, kí ó wọ jíà kékeré kí ẹ́ńjìnnì lè bá a di ọkọ̀ mú, dípò kí ó gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Láti ọdún 1988 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ń yẹ ọkọ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò lè wà ní gbogbo oríta. Èrò tí ó gbọ́ ariwo irin lára irin ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, dírẹ́bà, ẹ yẹ bíréèkì yín wò," kí ó sì wá ọkọ̀ mìíràn wọ̀ bí wọn kò bá gbọ́. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ máa sọ fún awakọ̀ pé kí ó fara dà á títí di oṣù tí ń bọ̀. Páàdì tí a kò pààrọ̀ lónìí yóò jẹ dísìkì, dísìkì tí ó jẹ tán yóò ba kálípà jẹ́, owó páàdì nìkan yóò sì di owó ohun mẹ́ta. Èyí sì jẹ́ ti owó nìkan; ẹ̀mí kò ní iye. Igi gánngán má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Irú igbe bíréèkì wo ni kò ní ewu, irú èwo ni kò sì yẹ kí ọkọ̀ tí ó ní i gbé èrò mọ́?
2. Kí ni ó burú nínú kíkán òróró sí ojú páàdì?
3. Níbo ni a ti í rí MIN TH, kí ni ó sì túmọ̀ sí?
4. Kí ni ìyàtọ̀ páàdì FF sí páàdì FE?
5. Kí ni ó yẹ kí awakọ̀ ṣe kí ọkọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ páàdì rẹ̀ tó kúrò lójú kan?